Owó Tí A Fọwọ́ Ara Wa Dá

Bí wọ́n bá ti la ikùn èèyàn, ikọ́ lásán á di ohun ẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi ló kọ́ mi pé kí n máa gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn kí n tó húkọ́, kí ojú ọgbẹ́ má baà là. Bí mo ṣe jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná wa ní Inglewood nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2025, ìrọ̀rí lórí itan, kọ̀ǹpútà níwájú, tí mo ń dáhùn ìbéèrè ìjọba ìpínlẹ̀ California nípa ara mi. Ìju ni wọ́n yọ fún mi. Ọdún mẹ́rin ló fi dà mí láàmú, tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lóṣooṣù, títí dókítà fi ní kí a má fi falẹ̀ mọ́. Ó ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mi ò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju ike mílíìkì ńlá kan lọ. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni kí n máa gbé àwọn àgbàlagbà láti orí ibùsùn sórí kẹ̀kẹ́.

Ìyá mi pè mí láti Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ yẹn. Ó béèrè ọgbẹ́, ó béèrè oorun, ó wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: "Ọmọ mi, ta ló ń gbọ́ bùkátà yín báyìí?" Mo ní ìpínlẹ̀ yìí yóò máa san púpọ̀ nínú owó iṣẹ́ mi fún mi títí ara mi yóò fi yá. Ó dákẹ́. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀: "Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti di ẹni tí ìjọba ń bọ́?"

Mi ò bínú sí i. Irú ìdákẹ́ yẹn náà ni mo ń bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, lọ́dọ̀ àwọn tó ti gbé California ní ogún ọdún. Obìnrin kan láàárín wa ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ kẹta, ó ń tiro, nítorí ó ní òun ò lè nawọ́ sí ìjọba. Irú wọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Owó náà kì í ṣe ti ìjọba. Tiwọn ni.

Ẹ mú ìwé owó tí wọ́n fún yín gbẹ̀yìn níbi iṣẹ́ jáde. Ẹ wo ibi tí wọ́n to gbogbo ohun tí wọ́n yọ sí: owó orí ìjọba àpapọ̀, owó orí ìpínlẹ̀, Social Security, Medicare. Nítòsí wọn, ẹ ó rí lẹ́tà márùn-ún tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì wò lẹ́ẹ̀mejì rí: CASDI, ìyẹn owó àpò àìlera California. Nínú ìwé tèmi ti oṣù kejì ọdún 2025, iye tó wà níwájú rẹ̀ ni $19.20. Mo gba $1,600 fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì yọ ìdá 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún, bí òfin ọdún náà ṣe wí. Ọ̀gá mi ò fi kọ́bọ̀ kún un. Àwa òṣìṣẹ́ la ń dá a, láti orí ẹni tó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ dé orí dókítà tó là mí níkùn. Tẹ́lẹ̀, bí owó èèyàn bá ti kọjá iye kan lọ́dún, wọn kì í yọ mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n ti mú ààlà yẹn kúrò, tí olówó ńlá náà ń dá tirẹ̀ títí ọdún fi parí.

Mo kọ́kọ́ fi àjọ ṣàlàyé fún ìyá mi, àmọ́ kò bá a mu. Nínú àjọ, iye tí o bá dá náà ni wàá kó. Ohun tí èyí jọ ni owó ẹgbẹ́ tí òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú máa ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹni tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀ nínú wọn á gba nǹkan nínú àpò. Ẹlòmíràn á dá a fún ọgbọ̀n ọdún láìkó kọ́bọ̀, kò sì ní bínú, torí ara líle ló gbà. Ẹni tí wọ́n bá sì gbé owó wá fún, kò sẹ́ni tó máa pè é ní alágbe. Bí mo ṣe fẹnu lé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ báyìí, ó ní: "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó yé mi wàyí."

Àpò yìí ti dàgbà ju èmi lọ. Ìpínlẹ̀ Rhode Island ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1942, California sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1946, nígbà tí Earl Warren jẹ́ gómìnà. Ohun tó fà á ni pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dá owó sínú àpò àìríṣẹ́ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣàìsàn ò lè gbà níbẹ̀, torí òfin àpò yẹn ní kí ẹni tó fẹ́ gba owó ti múra tán láti ṣiṣẹ́. Aláìsàn wá ń já sí àárín méjì: kò rí iṣẹ́ ṣe, kò sì rí owó àìríṣẹ́ṣe gbà. Wọ́n bá yí ìdá owó tí òṣìṣẹ́ ń dá sí ọ̀nà tuntun. New Jersey àti New York ṣe tiwọn láìpẹ́ sí i. Àmọ́ Texas ò ní in títí di òní, Georgia náà ò ní in. Àbúrò mi tó ń gbé ní Houston bímọ, wọ́n fi abẹ gbé ọmọ náà jáde, ọjọ́ ìsinmi tó fi ọdún méjì kó jọ níbi iṣẹ́ ló jẹ tán kó tó lè rìn dáadáa. Bí California ló wà ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí wọ́n là bímọ, yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣeé gbà kó tó bí i. Nílé ní Nàìjíríà ńkọ́? Òfin iṣẹ́ ní kí ọ̀gá san owó ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá péré lọ́dún fún òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ ò yá. Àpò tí òfin ọdún 2010 sì dá sílẹ̀, tí agbaniṣíṣẹ́ ń dá owó sí, ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn bá nìkan ló wà fún. Ìju tó bá dédé hù nínú èèyàn ò sí níbẹ̀. Ẹbí ni àpò yòókù. Mo mọ iye ìgbà tí ẹbí ti dá owó iṣẹ́ abẹ, mo sì mọ iye ìgbà tí kò pé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún mi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣubú sí.

Èmi fúnra mi ti ṣàṣìṣe kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Dókítà fún mi ní ọjọ́ méjì kí n mú ọ̀kan: ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta tàbí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin. Ó ní èyí tó bá wù mí nínú méjèèjì ò ní pa mí lára. Mo mú ti àkọ́kọ́, kí n lè tètè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọjọ́ tí àìlera bá bẹ̀rẹ̀ ló ń pinnu oṣù méjìlá tí wọ́n máa wò láti fi ṣírò owó. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta, owó tó gbà láti oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú ọdún tó kọjá títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, wọ́n á wo odindi ọdún tó kọjá, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Nínú oṣù méjìlá yìí, wọ́n á pín in sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á sì mú oṣù mẹ́ta tí owó ti pọ̀ jù.

Bẹ́ẹ̀ ìparí ọdún 2024 gan-an ni mo ṣe ófátáìmù jù, torí owó iléèwé ọmọ. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, mo gba $13,000. Ṣáájú ìgbà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù mẹ́ta mẹ́ta mi ni $10,400. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá, $800 ni. Láti ọdún 2025 ni ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀ ti ń gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹni tó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ ń gba ìdá 70, tí kò sì sẹ́ni tó gba ju $1,681 lọ lọ́sẹ̀ lọ́dún náà. Tèmi wá jẹ́ $720 lọ́sẹ̀. Ká ní mo mú ọjọ́ ti oṣù kẹrin ni, $900 ni ì bá jẹ́. Bí wọ́n bá sì ti fi ọjọ́ kan ṣe ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gba ìwé yẹn wọlé, kò ṣeé yí padà mọ́. Ẹni tí àìsàn ò bá fún láyè, kó má dúró de ìṣirò kankan, kó tètè lọ gba ìtọ́jú. Ẹni tí wọ́n bá fún láyè bíi tèmi, kó béèrè kó tó mú ọjọ́.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó o ni Employment Development Department, tí gbogbo wa ń pè ní EDD. Fọ́ọ̀mù náà ni DE 2501. Èèyàn ò gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́ kí ọjọ́ mẹ́sàn-án tó pé lẹ́yìn ọjọ́ tí àìlera bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ kẹtàlá. Orúkọ mi, iṣẹ́ mi, ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ọ̀gá mi. Mo dúpẹ́ pé mo ti ṣí ojú ìwé mi sílẹ̀, mo sì ti fi ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi jẹ́rìí ara mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó gbé oògùn ìrora mì tán kì í rí ojú ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí mo ṣe parí, nọ́ńbà kan jáde, lẹ́tà R ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Kò tíì parí. Apá A nìkan ni èyí. Apá B, dókítà ló ni í. Òun ni yóò kọ irú àìsàn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ọjọ́ tó rò pé èèyàn á lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Nọ́ńbà R yẹn ló máa fi mọ ibi tí yóò fi ìwé tirẹ̀ sí. Láìsí Apá B, Apá A dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní ìdè. Mo fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì dókítà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo pè, wọ́n ní dókítà kọ́ ló ń kọ fọ́ọ̀mù, pé àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe ìyẹn, wọn ò sì sí nílé kan náà. Mo pe àwọn yẹn, wọ́n ní àwọn ò rí mi nínú ìwé.

Orúkọ mi ló fà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn yẹn, mo kọ orúkọ bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú rẹ́jísítà iléèwé: orúkọ ìdílé ṣíwájú, orúkọ tèmi tẹ̀ lé e. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ wá fi orúkọ ìdílé bàbá mi ṣe orúkọ àbísọ mi. Nínú káàdì Social Security mi, orúkọ ìdílé ọkọ mi ló wà. Èèyàn méjì ni mo jẹ́ nínú ìwé méjì, iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe fún àwa méjèèjì. Mo ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà tó wà lára ẹ̀rọ amómitutù, torí Apá B náà ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta, ìyẹn ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin. Ọjọ́ keje oṣù kẹrin ni wọ́n tó fi í ránṣẹ́, lẹ́yìn tí ọkọ mi gbé mi lọ síbẹ̀, tí mo gbé ìwé ìgbéyàwó wa dání, tí mo sì ní mi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi máa tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ wo orúkọ tí ilé ìwòsàn fi mọ̀ yín lónìí, kí ara yín tó dá yín dúró. Ẹ jẹ́ kó bá ti káàdì yín mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ ni wọn kì í san rárá, bí òfin ṣe rí nìyẹn. Wọ́n san èyí tó kù, títí kan èyí tó ti kọjá sẹ́yìn. Láàárín ìgbà yẹn náà ni ojú ọgbẹ́ mi ṣí díẹ̀ lápá ọ̀tún. Omi ń jáde níbẹ̀, dókítà sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. EDD ní ìwé ọ̀tọ̀ fún ìyẹn, DE 2525XX, dókítà náà ló máa kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti mọ ẹni tí mo máa pè. Nígbà tí mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n ti san fún mi, $5,040. Òun la fi san owó ilé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Owó yìí ń gbọ́ bùkátà, kì í bá yín di iṣẹ́ yín mú. Òfin mìíràn ló ń ṣe ìyẹn. Ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 1993, wà fún ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti California bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣìṣẹ́ márùn-ún. Méjèèjì ní kí èèyàn ti lo ọdún kan, kó sì ti ṣiṣẹ́ wákàtí 1,250, wọ́n sì ń fún un ní ọ̀sẹ̀ méjìlá tí ọ̀gá ò lè fi lé e lọ. Àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá pé òun fẹ́ lò ó. Mo mọ obìnrin kan tó ń gba owó rẹ̀ lọ́dọ̀ EDD déédéé, tó rò pé EDD ló ń bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀. Kò kọ ìwé kankan sí ibi iṣẹ́. Ọjọ́ tó padà, ẹlòmíràn ti wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn tí CASDI ò sí nínú ìwé wọn rárá. Wọ́n pọ̀ láàárín wa. Wọ́n ń tọ́jú arúgbó nílé, wọ́n ń sùn síbẹ̀, wọ́n ń jí lóru láti pààrọ̀ ìtẹ̀lẹ́dìí. Ọ̀gá ń kọ sọ̀wédowó fún wọn láìyọ nǹkan kan, wọ́n sì ń yọ̀ pé owó àwọn pé. Níparí ọdún, ìwé 1099 ni wọ́n ń rí gbà dípò W-2. Ó túmọ̀ sí pé lójú ìwé, ọ̀gá ara wọn ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá la ikùn irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí àpò tó ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2020, òfin California gbà pé òṣìṣẹ́ ni èèyàn, àyàfi bí ẹni tó gbà á bá fi ẹ̀rí ohun mẹ́ta hàn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé iṣẹ́ tí ẹni yẹn ń ṣe kì í ṣe irú iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú arúgbó, báwo ló ṣe máa sọ pé ìtọ́jú arúgbó kì í ṣe iṣẹ́ òun? Ẹ máa tọ́jú sọ̀wédowó yín, ẹ máa kọ wákàtí yín sílẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀rí nìyẹn bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ EDD. Ẹni tó sì jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ lóòótọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kó máa dá tirẹ̀.

Ẹ̀rù ìwé ìgbélùú náà ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́. EDD kì í fi ìwé ìgbélùú díwọ̀n ẹni tó máa gbà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá èèyàn ti dá owó sí i nínú oṣù méjìlá yẹn, ó kéré tán lórí $300 tó gbà, àti bóyá dókítà jẹ́rìí pé kò lè ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá sì kọ̀ ọ́, lẹ́tà tó máa dé ò ní kí ó lọ jókòó. Ọgbọ̀n ọjọ́ ló wà láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, adájọ́ kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ EDD yóò sì gbọ́ ọ. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ya àpò ìwé.

Ọkọ mi náà gbà nínú àpò yìí. Lọ́dún 2002 ni California ṣe òfin pé ẹni tó bá ń tọ́jú ará ilé rẹ̀ lè gba owó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án lọ́dún 2004. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láàárín oṣù méjìlá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà. Ó ń gbé mi dìde láàárọ̀, ó ń bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀ tí mi ò lè tẹ̀ ba dé, ó sì se ọbẹ̀ ewédú kan tó ki bí ẹ̀kọ. Mo jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, a ò tíì jókòó papọ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wa ń sáré lọ sí iṣẹ́ òru.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ wa pè mí lálẹ́. Wọ́n fẹ́ yọ òrónro rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ mọ̀ nípa owó kan tí ìjọba máa ń fúnni." Mo ní kó lọ mú ìwé owó rẹ̀ wá kí a tó sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí dúrọ́ọ̀, mo gbọ́ ìró bébà. Mo pe lẹ́tà márùn-ún náà fún un níkọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo ti rí i," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń yọ èyí lọ́wọ́ mi."